Iyèméjì Lórí Sáfà

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń tẹ̀ kò gùn: update-crypto-policies --set DEFAULT. Nígbà tí mo bá pa sáfà náà tí mo tún un tàn, ó ti yí ìwà padà látòkèdélẹ̀. Nínú àwọn ètò inú rẹ̀, OpenSSL ti gbọ́, GnuTLS ti gbọ́, NSS, Java, OpenSSH, Kerberos àti BIND náà ti gbọ́. Èyíkéyìí nínú wọn tó bá fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìlànà kan náà ni yóò tẹ̀ lé: irú kọ́kọ́rọ́ tí yóò gbà, irú òǹtẹ̀ tí yóò kọ̀, èdè àtijọ́ tí kò gbọdọ̀ dá lóhùn mọ́.

Iṣẹ́ mi ni láti tọ́jú sáfà, àwọn kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tí fóònù àti kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn ń bá sọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Ilé iṣẹ́ wa ní Ìbàdàn kò tóbi. Àwọn ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ ni oníbàárà wa: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ìyá ọlọ́jà, àwọn tó ń dá owó jọ tí wọ́n sì ń yá ara wọn. Iye tí ìyá kan ní nínú ẹgbẹ́, iye tó jẹ, ẹni tó ṣe onídùúró fún un, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Àfáà ni bàbá tó bí mi, ní Ìlọrin, kò sì sí ohun tí mo sọ nípa iṣẹ́ yìí tí wọn kì í fi ojú ohun àfisọ́dọ̀ wò. Ohun tí wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́, wàá dá a padà fún olóhun, wàá sì dáhùn fún un níwájú Ọlọ́hun. Nígbà tí mo ṣàlàyé àṣẹ mi fún wọn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: “Ṣé ìwọ mọ ohun tó wà nínú àṣẹ tí ò ń pa?”

N kò mọ gbogbo rẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí sáfà yóò rántí bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀. Sáfà kan dà bí ilé tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan ti ra àgádágodo tirẹ̀. Apache ní fáìlì tirẹ̀, níbi tí a ti ń to orúkọ àwọn ọ̀nà tó lè gbà sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú. SSH ní tirẹ̀. Ti Java fara sin sínú fódà inú fódà. Bí ìròyìn bá dé pé ọ̀nà kan ti bàjẹ́, a ó máa lọ láti fáìlì dé fáìlì, èyí tí a bá gbàgbé ni olè yóò sì bá wọlé. Àwọn tó ń ṣe Fedora, ọ̀kan nínú àwọn ètò ìpìlẹ̀ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ló kọ́kọ́ gbé ìlànà kan ṣoṣo fún gbogbo ètò wọ inú Fedora 21 ní 2014. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Red Hat fi gbé RHEL 8, ètò ìpìlẹ̀ sáfà tiwọn, jáde ní oṣù karùn-ún 2019, ó ti di ohun tí a ń bá lórí sáfà láìbéèrè. Orúkọ mẹ́rin ni wọ́n tò kalẹ̀. DEFAULT ni ti gbogbogbòò: lórí RHEL 8, èdè ìdì-ọ̀rọ̀ TLS 1.2 sókè, kọ́kọ́rọ́ RSA tí kò kéré sí bíìtì 2048. LEGACY ń gba àwọn arúgbó ẹ̀rọ láyè. FUTURE le koko, bíìtì 3072 ló ń béèrè. FIPS wà fún àwọn tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òfin ìjọba Amẹ́ríkà.

Ansible, irinṣẹ́ tó ń pa àṣẹ kan fún ọ̀pọ̀ sáfà, ló wá sọ ọ́ di ohun tí n kò ní láti máa ti orí sáfà kan bọ́ sórí òmíràn ṣe. Mo kọ ìlà kan sínú fáìlì, crypto_policies_policy: DEFAULT, mo ní kó máa lọ, gbogbo sáfà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ sì gbà á, èyí tó wà ní Èkó àti èyí tó wà lókè òkun. Bí mo bá tún un rán lọ́la, sáfà tó ti gbọ́ kò ní ṣe nǹkan kan. Á kàn jíṣẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni òun ti wà. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ó dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ, bóyá ìdí nìyẹn tí ìbéèrè Bàbá fi wọ̀ mí lára.

Ní ilé kéwú Bàbá, kò sí ọmọ tó ń dá òfin ṣe. Ọ̀nà Maliki ni àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, bíi ti púpọ̀ nínú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ á ka ìwé al-Akhdari, á bọ́ sórí Risālah tí Ibn Abi Zayd ará Qayrawan kọ ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ohun tó bá sì kà níbẹ̀ nípa àlùwàlá ni yóò fi ṣe àlùwàlá. Kò ní kọ́kọ́ lọ gbọn gbogbo hadith yẹ̀ wò. Taqlīd ni àwọn onímọ̀ ń pe èyí: kí ẹni tí kò ní irinṣẹ́ ìdájọ́ tẹ̀ lé ìdájọ́ ẹni tó ní in. Ẹni tó lè fúnra rẹ̀ wo ẹ̀rí kó sì yọ òfin jáde, ijtihād ni tirẹ̀, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ sì há. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo ka taqlīd sí ìwà ọ̀lẹ, mo sì ń bá Bàbá jiyàn lórí rẹ̀ títí ìyá mi á fi ní kí n wá fọ abọ́. Iṣẹ́ ló yí mi lọ́kàn padà. Ta ni mo jẹ́ láti sọ pé ọ̀nà àdììtú Curve25519 sàn ju P-256 lọ? Mo lè ka orúkọ wọn, mo lè kọ wọ́n sínú fáìlì, n kò lè ṣe ìṣirò tó gbé wọn ró. Ẹni mélòó ló lè ṣe é nínú gbogbo ayé? Wọn kò pọ̀, wọn kò sì sí ní ọ́fíìsì wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Debian, ètò ìpìlẹ̀ mìíràn bíi Fedora, ń fi ìyà ìdájọ́ àdáṣe hàn. Ní 2006, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú OpenSSL níbẹ̀ rí i pé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ ètò wò ń ráhùn lórí ìlà méjì. Ó yọ wọ́n kúrò kí ìráhùn lè tán. Ọ̀kan nínú wọn gan-an ló ń fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè méfò sínú kọ́kọ́rọ́. Láti ìgbà náà títí di oṣù karùn-ún 2008, tí Luciano Bello fi rí i, kọ́kọ́rọ́ tí Debian àti Ubuntu ń rọ kò lè kọjá 32,767 fún irú ẹ̀rọ àti irú kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó yẹ kí ayé parí kí olè tó ka iye rẹ̀ tán ti di ohun tí a lè kó sórí díìsì kan, ká máa dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni náà kò ní èrò ibi, ó tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn mìíràn kó tó fọwọ́ kàn án. Mo ní, Bàbá, àníyàn rẹ̀ dára, ṣé Ọlọ́hun kò ní gbà á? Wọ́n ní Ọlọ́hun lè san án lẹ́san àníyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó fi omi aláìmọ́ ṣe àlùwàlá láìmọ̀, omi náà kò tìtorí àníyàn rẹ̀ di mímọ́.

Àmọ́ kí ni ká sọ bí ẹni tí à ń tẹ̀ lé bá jẹ́ aláìṣòótọ́? Ìyẹn náà ti ṣẹlẹ̀. Ní 2006, NIST, àjọ tó ń ṣètò òṣùwọ̀n fún ìjọba Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí Dual_EC_DRBG gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà lè gbà pèsè nọ́ńbà tí a kò lè méfò. Ní 2007, Dan Shumow àti Niels Ferguson fi hàn pé ẹni tó yan àwọn nọ́ńbà ìpìlẹ̀ rẹ̀ lè ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́, wọ́n kọjá lọ. Ní 2013, ìròyìn tó jáde látinú àwọn ìwé tí Edward Snowden tú síta nàka sí NSA, àjọ amí ìjọba Amẹ́ríkà, ní 2014 NIST sì yọ ọ́ kúrò. Mo bi Bàbá bóyá ẹni tó tẹ̀ lé NIST láàárín ọdún wọ̀nyẹn jẹ̀bi.

“Títí di ìgbà wo?” ni wọ́n kọ́kọ́ wí. Mo ní ọ̀rọ̀ ti hàn sí àwọn onímọ̀ ní 2007.

“Ẹni tó tẹ̀ lé àfáà tí gbogbo ìlú mọ̀ sí olódodo kò jẹ̀bi. Ọjọ́ tí olódodo mìíràn bá dìde ní gbangba pé àṣìṣe wà níbẹ̀, tí ó gbọ́, tí ó di etí, ó jẹ̀bi láti ọjọ́ náà.”

Lórí ìdájọ́ yìí ni mo dúró títí di òní. Tìtẹ̀lé tí mo ń tẹ̀ lé DEFAULT dá lé ohun kan: àwọn tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ Red Hat, tí wọn kò sì gbà lọ́wọ́ NSA, lè ṣí ohun tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì pariwo. Auguste Kerckhoffs, onímọ̀ nípa ìdì-ọ̀rọ̀, ti sọ ọ́ láti 1883 pé ọ̀nà ìdì-ọ̀rọ̀ gidi ni èyí tí kò ní bàjẹ́ bó tilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá; kọ́kọ́rọ́ nìkan ni kó jẹ́ àṣírí. (Àwọn tó ń ta oògùn ìdáàbòbò fún wa lọ́jà kò ní fẹ́ràn ọkùnrin yìí.) Iṣẹ́ tó wá kù fún mi ni kí n má di etí: kí n máa ka ìkéde, kí n mọ ẹni tó ń pariwo àti ìdí rẹ̀. Ansible kò lè bá mi ṣe ìyẹn.

Níbi iyèméjì ni èmi àti Bàbá ti jókòó pẹ́ jù. Ẹ wo SHA-1. Láti 1995 ló ti ń fún ìwé orí kọ̀ǹpútà ní òǹtẹ̀. Ìwé tí ẹ gbé fún un ìbáà gùn, ìbáà kúrú, bíìtì 160 ni yóò fún yín, ìgbàgbọ́ gbogbo wa sì ni pé kò sẹ́ni tó lè rí ìwé méjì tí yóò jẹ́ òǹtẹ̀ kan náà. Ní 2004, Wang Xiaoyun, obìnrin onímọ̀ ìṣirò láti Yunifásítì Shandong ní Ṣáínà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ fún MD5 tó ṣáájú SHA-1. Ní 2005 wọ́n padà wá pé SHA-1 náà kò lágbára tó bí a ṣe rò. Wọn kò mú ìwé méjì wá lọ́tẹ̀ yìí, ìṣirò lórí bébà ni. Ó di ọjọ́ 23 oṣù kejì 2017 kí àwọn olùwádìí CWI ní Amsterdam àti ti Google tó gbé PDF méjì jáde, tí ohun inú wọn yàtọ̀, tí òǹtẹ̀ SHA-1 wọn kò yàtọ̀. Iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, tó ohun tí kọ̀ǹpútà kan yóò fi ọdún 6,500 ṣe, kí GPU kan tún fi ọdún 110 kún un.

Ọdún méjìlá wà láàárín iyèméjì àti ìdánilójú. Kí ni kí ẹni tó ń ṣọ́ ohun olóhun ṣe láàárín wọn?

Lójú Bàbá, ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ẹnì kan ṣe àlùwàlá, ó wá ń ṣiyèméjì bóyá ó ti bàjẹ́. Àwọn ọmọlẹ́yìn ọ̀nà Shafi'i, àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ mìíràn, ní kó dúró lórí èyí tó dá a lójú: ó mọ̀ pé òun ṣe àlùwàlá, kó lọ kírun. Maliki tiwa le jù bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ tó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí ọmọ kéwú ń bá pàdé nínú al-Akhdari, ni pé iyèméjì náà ti tó. Kó dìde, kó tún àlùwàlá ṣe. Bí àwọn àgbà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ni pé ìrun jẹ́ gbèsè tó dájú lọ́rùn ènìyàn, a kì í sì í fi ohun tí kò dájú san gbèsè tó dájú.

N kò tíì rí ìwé ẹlẹ́rọ tó ṣàlàyé iṣẹ́ mi tó báyìí. Owó ìyá ọlọ́jà yẹn jẹ́ gbèsè tó dájú lọ́rùn mi. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí kúrò lórí SHA-1 ní 2005 ti ṣe bí ọmọlẹ́yìn Maliki, ìbáà ṣe pé wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn tó dúró di 2017 ní ẹsẹ̀ tí wọ́n fi dúró. Òmùgọ̀ kọ́ ni wọ́n. Kò yé mi bí ẹnikẹ́ni ṣe dúró lẹ́yìn 2017, síbẹ̀ wọ́n pọ̀. RHEL 9, tó jáde ní oṣù karùn-ún 2022, ló yọ ìbuwọ́lùwé SHA-1 kúrò nínú DEFAULT, ní ìparí ọdún yẹn sì ni NIST kéde pé kí gbogbo ènìyàn ti fi í sílẹ̀ kí 2030 tó parí.

Ìwé al-Akhdari kan náà tún ní ẹ̀ka ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ràn. Ẹni tí iyèméjì ti di àìsàn sí lára, tó ń padà sídìí omi ní gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ dé orí ẹní, kò ní láti dá iyèméjì lóhùn mọ́. Kó kírun rẹ̀, kó fi ara rẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀. Mo mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wà nínú àìsàn yìí. FUTURE ni wọ́n fẹ́ fi sórí ohun gbogbo, títí kan sáfà tó ń ka iye bébà inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìwé ìtọ́sọ́nà RHEL 8 pàápàá kìlọ̀ pé redhat-support-tool, irinṣẹ́ tí oníbàárà fi ń kàn sí Red Hat fún ìrànwọ́, kò lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ FUTURE, nítorí kọ́kọ́rọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà Red Hat fúnra rẹ̀ kò tó ohun tí FUTURE ń béèrè. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

LEGACY ni ti ẹni tí iyèméjì kì í bá rárá, òun ló sì ń bí mi nínú jù. Ilé iṣẹ́ kan tí a jọ ń ṣòwò ní ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí kò gbọ́ èdè tó kọjá TLS 1.0, èyí tí àwọn tó ń ṣètò íntánẹ́ẹ̀tì ti ní kí a pa tì láti oṣù kẹta 2021. Wọn kò ṣe tán láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi kan dábàá pé kí n yí DEFAULT sí LEGACY nínú fáìlì, iṣẹ́ á sì parí kó tó di ìrun Àílà. Òótọ́ ni, á parí. Ṣùgbọ́n fáìlì yẹn ni gbogbo sáfà ń gbọ́rọ̀ láti inú rẹ̀. Nítorí arúgbó ẹ̀rọ kan, gbogbo èyí tó bá jẹ́ RHEL 8 nínú wọn á máa dá TLS 1.0 lóhùn, wọn á sì máa gba kọ́kọ́rọ́ tó ti gbó.

Ẹ̀sìn wa mọ ìyọ̀ǹda. Arìnrìn-àjò lè dín ìrun rákà mẹ́rin kù sí méjì, kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí. Ìyọ̀ǹda náà so mọ́ ìrìn-àjò rẹ̀. Nígbà tó bá dé ilé, mẹ́rin náà ni. Bí arìnrìn-àjò bá tilẹ̀ ṣe lèmọ́mù, tó kí méjì tó sàlámà, àwọn ará ìlú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní láti dìde parí tiwọn. Mo sọ èyí fún ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ Ìjọ Àgùdà ni, ó sì yé e kíákíá ju bí ìwé RFC, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe yé e lọ. A ya RHEL 8 kan sọ́tọ̀, a gé e kúrò lára àwọn yòókù, òun nìkan la fi LEGACY sí. Lókè ìlà náà, a kọ ìdí rẹ̀, ẹni tó béèrè, ẹni tó fọwọ́ sí i, àti ọjọ́ tí a ó tún un yẹ̀ wò. Lójú mi, ẹni tó kọ DEFAULT ní àwọn tó ń bá a gbé ẹrù náà, láti Red Hat dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣirò. Ẹni tó kọ LEGACY ló dá gbé tirẹ̀, nítorí náà kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ohun kékeré kan tún wà tí àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé Ansible máa ń fò. Tí a bá rán ìlànà tuntun lọ, àwọn ètò tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lè máa bá ti àtijọ́ lọ títí a ó fi tún wọn tàn. Àwọn tó kọ irinṣẹ́ náà fi ìlà kan sí i, crypto_policies_reboot_ok, wọ́n sì fi “bẹ́ẹ̀ kọ́” sí iwájú rẹ̀: kò ní pa sáfà ẹnikẹ́ni kó tún un tàn láìgbàṣẹ. Bí ẹ bá bi irú sáfà bẹ́ẹ̀ léèrè ìlànà tó ń tẹ̀ lé, DEFAULT ni yóò pè, nígbà tí ètò inú rẹ̀ ṣì ń bá ẹni àná sọ̀rọ̀ bí ti àná. Bàbá ní àwọn mọ irú Mùsùlùmí bẹ́ẹ̀.

Ìjiyàn tó wà láàárín wa báyìí kò tíì parí. Ní oṣù kẹjọ 2024, NIST gbé FIPS 203, 204 àti 205 jáde, ìlànà fún ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà quantum bá dàgbà. Peter Shor ti fi hàn láti 1994 pé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, bó bá tóbi tó, yóò tú RSA. Kò tíì sí èyí tó tóbi tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ àdììtú jọ lónìí lè tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ náà. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

“Ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Àmọ́ ohun tí ìyá kan fi sí ọ lọ́wọ́ lónìí lè tú lẹ́yìn ikú rẹ̀?”

Mo ní ó ṣeé ṣe. Wọ́n yí tẹ̀súbáà ọwọ́ wọn títí, wọ́n ní al-Akhdari sọ̀rọ̀ nípa àlùwàlá tó ṣeé ṣe kó ti bàjẹ́. Kò sọ nǹkan kan nípa èyí tí yóò bàjẹ́ lọ́la. Wọ́n ní kí n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kó yé ènìyàn, kí àwọn gbé e tọ àfáà kan tó mọ òfin jù wọ́n lọ. Kí èsì tó dé, mo ti gbé RHEL 10, tó jáde ní 2025 tó sì ti ní díẹ̀ nínú àwọn ọ̀nà tuntun náà, sórí sáfà ìdánwò kan, mo ń wo iye ẹ̀rọ oníbàárà tí kò ní lè bá a sọ̀rọ̀.